Ọkọ̀ Tí Imú Rẹ̀ Ń Kú

Ẹ jókòó. Ẹni tí yóò bá wúkọ́, kó wú u nísinsìnyí. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń sunkún, kó fún un lọ́yàn. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni já lu ọ̀rọ̀ mi, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, bí mo bá rántí rẹ̀ lásán, inú a máa bí mi bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí rò pé ẹranko ni ohun tó le jù tí ọdẹ lè bá pàdé nínú igbó. Ẹ kò mọ nǹkan kan. Èmi Ọdẹ́níran ọmọ Ògúnmọ́dẹdé, èmi tí mo fojú rinjú pẹ̀lú ẹfọ̀n títí ẹfọ̀n fi gbàgbé pé òun ní ìwo, iná kékeré kan tí kò tó èékánná ọmọ ọwọ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di wèrè.

Ẹ ti gbọ́ nípa ọkọ̀ mi. Ta ni kò gbọ́? Nígbà tí mo rà á, ọkọ̀ jẹ́jẹ́ ni, olùkọ́ kan ló ń fi í lọ síbi iṣẹ́. Mo wò ó, mo ní èyí kò yẹ ọdẹ. Mo gbé e lọ bá Wòrú, mẹkáníìkì tó wà lábẹ́ igi odán, mo ní kó yọ ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀, kó fi èyí tó lágbára síbẹ̀. Wòrú gbé ẹ́ńjìnnì ńlá wọnú rẹ̀. Ó gé sàléńsà rẹ̀, ó jó òmíràn tó nípọn mọ́ ọn. Ó gbé e ga kúrò nílẹ̀ kí kùkùté má baà máa gbá a nínú. Nígbà tó parí, bí mo bá tẹná, àwọn ewúrẹ́ àdúgbò a fọ́n ká, àwọn tó ń bínú sí mi a sì yà fún mi lọ́nà. Ìwọ tí ò ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, ìwọ náà ti yà fún mi rí.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí a ti tún un ṣe ni iná aláwọ̀ ìyeyè kan ti ń tàn níwájú mi, níbi tí awakọ̀ ti ń wo iye epo. Wòrú so ẹ̀rọ ayẹ̀wò rẹ̀ mọ́ ọn, ẹ̀rọ náà kọ kóòdù kan jáde, Wòrú ní imú ọkọ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀, ọkọ̀ òde òní ní imú. Sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ara páìpù èéfín ni wọ́n ń dè é mọ́, ó ń gbóòórùn èéfín tó ń jáde. Bí afẹ́fẹ́ inú èéfín bá pọ̀ jù tàbí tó kéré jù, imú a ránṣẹ́ sí ọpọlọ ọkọ̀, ọpọlọ a sì fi kún epo tàbí kó dín in kù. Bí imú bá kú, ọpọlọ kò mọ ohun tó ń ṣe mọ́, a kàn máa da bẹntiróòlù sínú iná bí ìyàwó tuntun tí kò mọ òṣùwọ̀n iyọ̀. Èéfín dúdú a máa yọ, ọkọ̀ a máa fà tìkọ̀tìkọ̀, nígbà tó bá yá, a kú síbi tó bá wù ú.

Wòrú pààrọ̀ imú náà, iná kú. Kò pẹ́, ó tún tàn. Ó tún pààrọ̀ rẹ̀, iná tún kú, ó tún tàn. Wòrú ní ọ̀rọ̀ náà ti sú òun, ó kọ́ mi bí a ti ń tú u àti bí a ti ń dè é, ó ní kí n máa lọ bá orí ara mi jà. Àwọn ará àdúgbò kò ràn mí lọ́wọ́. Wọ́n ní èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á, wọ́n ní ta ló rán mi níṣẹ́ pé kí n tú ọkọ̀ olùkọ́ ká. Ṣé ẹ rí ayé, ẹni tí kò ní kẹ̀kẹ́ ló ń kọ́ mi bí a ti ń ní ọkọ̀.

Inú ìyọnu yìí ni mo wà tí ìránṣẹ́ fi dé láti Ìgbóhùn. Ìgbóhùn ni ọmọ mi obìnrin, Ọdẹ́fúnkẹ́, lọ́kọ sí. Ẹ̀yìn igbó àwọn iwin ni ìlú náà wà, ẹ má sì bi mí ohun tó gbé ọmọ mi débẹ̀. Ìfẹ́ kì í bèèrè ọ̀nà. Ìránṣẹ́ ní Ọdẹ́fúnkẹ́ ti ń rọbí, ọmọ kò sì wá. Àṣà ìlú náà ni pé ọmọ kì í jáde nínú ìyá rẹ̀ títí yóò fi gbọ́ oríkì ìdílé ìyá tó bí ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bí kò bá gbọ́ ọ, inú ni yóò jókòó sí títí agbára ìyá rẹ̀ yóò fi tán. Ìránṣẹ́ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, agbára aya wa ti ń tán lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé Màmá wá."

Ìyàwó mi ń jẹ́ Ìbíyẹmí. Ilé amọ̀kòkò ni wọ́n ti bí i, oríkì wọn gùn, orí ahọ́n rẹ̀ sì ni gbogbo rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu, kò lè fẹsẹ̀ rìn dé ẹ̀yìn odi, áńbọ̀sìbọ́sí igbó iwin. Ọkọ̀ mi nìkan ló kù. Mo ní, "Ìyá Ọdẹ́fúnkẹ́, wọlé." Ó wo ọkọ̀, ó wò mí, ó ní, "Bàbá Ọdẹ́fúnkẹ́, ṣé èyí tí iná máa ń tàn nínú rẹ̀ yìí náà ni?" Mo ní òun náà ni. Ó ní, "Ọkọ̀ tó ń lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀ lẹ lọ tú ká. Ó dáa, ẹ wà á." Ó sì wọlé.

Mo di àwọn imú tuntun sínú àpò ọdẹ mi, mo gbé kèrègbè epo pupa kọ́ ẹ̀gbẹ́ ìjókòó. Ọmọ Ògún ni mí. Irin tuntun kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́wọ́ mi kí Ògún má tọ́ ọ wò: ìbàá ṣe ìbọn, ìbàá ṣe àdá, epo pupa ni mo fi ń pa á lórí. Bí bàbá mi ti ń ṣe nìyẹn, bí Wòrú náà ti ń ṣe nìyẹn, nítorí kò sí ẹni tó ń fọwọ́ kan irin lágbègbè wa tí kì í ṣe é. Gbogbo imú tí Wòrú dè mọ́ ọkọ̀ náà ló jẹ epo kó tó wọlé.

Igbó tí a kọ́kọ́ wọ̀, àwọn igi rẹ̀ ń bá ara wọn jà lórí ẹni tó ga jù. Bí a ti dé àárín wọn, wọ́n na gbòǹgbò dí ọ̀nà, arère kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ewé rẹ̀ pa gíláàsì iwájú, ó ní àlejò kì í kọjá níbẹ̀ láìdá ẹjọ́ àwọn. Ó ní, "Kí ló ga ju gbogbo wa lọ, tí kò ní gbòǹgbò, tí kò sì ní ẹ̀ka?" Ọdẹ mìíràn ì bá ti máa gbọ̀n. Èmi kò gbọ̀n. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí èéfín dúdú tó ń jáde nídìí ọkọ̀ mi, tó ti gòkè kọjá orí wọn, mo ní, "Èéfín ni." Arère wúkọ́. Ó ní mo mọ̀ ọ́n, ó ní àti pé èéfín tèmi gan-an ti ń ta àwọn lójú, kí n tètè gbé e kúrò. Mo wo iwájú mi, iná aláwọ̀ ìyeyè ti tàn.

Mo sọ̀kalẹ̀. Mo tú imú tó kú, páìpù gbígbóná jó mi lọ́wọ́. Mo mú tuntun, mo fi epo pupa pa á lórí dáadáa, mo ní, "Ògún, tọ́ ọ wò, má jẹ́ kó kú." Mo dè é. Iná kú. Mo wọlé jókòó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa erin. Ìyàwó mi ní, "Ẹ ṣé. Ẹ jẹ́ ká máa lọ, ọmọ wa ń dúró." A kò tíì jáde nínú igbó náà tán tí iná fi padà dé.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Bí ọ̀tá bá fẹ́ bá ènìyàn jà, kó jà kó lọ. Ẹkùn a bú ramúramù, ìwọ náà a yìnbọn, ọ̀kan a ṣubú, ọ̀rọ̀ a tán. Èyí kò bú, kò sì géni jẹ. Ó kàn ń wò mí ni, ó ń sọ ohun kan ṣoṣo tó sọ lánàá.

Ìlú tí a dé lẹ́yìn èyí ń jẹ́ Akàmáwò. Gbogbo àwọn ará ibẹ̀ fi aṣọ funfun di ojú, wọ́n sì ń fi í yangàn. Bí a ti dé ẹnubodè, wọ́n yí ọkọ̀ ká, olórí wọn gbé àtẹ́lẹwọ́ lé iwájú ọkọ̀, ó kà á bí ẹni ń ka ìwé, ó ní, "Imú rẹ̀ ti kú. Ẹ pààrọ̀ imú."

Mo ní, "Mo ti pààrọ̀ rẹ̀."

Ó tún gbé ọwọ́ lé e. "Imú rẹ̀ ti kú. Ẹ pààrọ̀ imú."

Mo ní, "Bàbá, mo ní mo ti pààrọ̀ rẹ̀. Mo tún ti pààrọ̀ èyí tí mo fi pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ ṣí ojú yín, ẹ wo inú ọkọ̀."

Gbogbo ìlú fi ọwọ́ bo ẹnu, bí ẹni pé mo sọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá. Olórí wọn ní, "Àwa kì í wò. Kíkà ni tiwa. Ohun tí a kà ni pé imú rẹ̀ ti kú."

Ìyàwó mi yọ orí jáde lójú fèrèsé. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin bàbá. Ó ti kú, a gbà. Kí ló ń pa á?"

Mo rò pé kò sí ẹni tó bi wọ́n ní irú ìbéèrè yẹn rí. Olórí wọn fọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó ní ìyẹn kò sí nínú iṣẹ́ àwọn, ó sì ní àwọn kò ní ṣí ẹnubodè títí a ó fi pààrọ̀ imú lójú àwọn. Lójú wọn tí wọ́n fi aṣọ dì. Mo pààrọ̀ rẹ̀. Mo fi epo pa á, mo dè é, iná kú, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ara wọn, wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ìyàwó mi ń sọ ìbéèrè rẹ̀ lásọtúnsọ bí a ti ń lọ, mo ní kó jẹ́ kí n gbọ́rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sú ọkùnrin, a máa rò pé ẹni tó ń bi í léèrè ló ni ẹ̀bi.

Bí a ti ń gun òkè kan lọ ni iná tún tàn, ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ibẹ̀ ni iwin kan ti dúró sí àárín ọ̀nà, ikùn rẹ̀ ń fẹ̀ ó ń fún bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ó ní Ẹ̀fúùfù-kò-nílé ni òun. Ó ní, "Ọdẹ, inú ọkọ̀ rẹ ni mo ń sùn láti ìgbà tí o ti kúrò nílé. Ihò kan wà lára ọkọ̀ rẹ tí mo ń gbà wọlé. Bí o bá rí ihò náà, mo yà fún ọ. Bí o kò bá rí i, màá fẹ́ ọ padà sí abẹ́ igi odán yín." Mo mọ̀ pé kò parọ́. Ibi tó wu ẹ̀fúùfù lẹ̀lẹ̀ ní í darí ìgbẹ́ sí.

Mo wá ihò náà tì. Mo na ojú, mo na etí, èmi tí mo ń rí ipa ẹsẹ̀ èkúlù lórí àpáta. Ìyàwó mi ló sọ̀kalẹ̀ tòun ti orúnkún rẹ̀. Ó ní kí n fi àkísà dí ẹnu sàléńsà, kí n sì jẹ́ kí ọkọ̀ máa ṣiṣẹ́. Ó po ọṣẹ dúdú mọ́ omi nínú igbá, ó ń fi ewé wọ́n ọn sí ojú ibi tí wọ́n ti jó irin mọ́ irin. Níbi kan, nítòsí ẹ́ńjìnnì, lókè ibi tí imú wà, ìfóófòó bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ó ní, "Ẹ wò ó. Bí ìkòkò bá ń jò, bí a ti ń mọ̀ nìyí." Ó wa amọ̀ létí odò, ó po eérú mọ́ ọn, ó fi dí i, iná ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ sì sun ún gan. Afẹ́fẹ́ ìta ti ń gba ibẹ̀ wọ inú èéfín, ó ń tan imú jẹ. Ẹ̀fúùfù-kò-nílé ṣe họ̀ọ̀, ó yà lọ́nà.

Ayọ̀ mi kò ṣeé fẹnu sọ. Mo ní ó parí. Mo mú imú tuntun mìíràn, mo fi epo pa á lórí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nítorí ọpẹ́, mo dè é. Mo kọrin ọdẹ, mo yin ara mi, mo yin bàbá mi, mo yin ajá mi tó ti kú. Mo rántí láti yin ìyàwó mi náà, àmọ́ ìgbà tí orin ti fẹ́ tán ni.

Iná náà tún tàn.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Mo gbá ọkọ̀ náà lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ tèmi ló wú. Mo yẹ gbogbo wáyà imú wò láti orí dé ìdí, kò sí eku tó jẹ ẹ́, kò sí ibi tó ti bó. Ọkọ̀ ń da epo sínú iná bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, èéfín dúdú ń gba fèrèsé ẹ̀yìn wọlé tọ̀ wá, nítorí gíláàsì ibẹ̀ kò tì mọ́ láti ìgbà tí Wòrú ti gbé ọkọ̀ náà ga kúrò nílẹ̀. Ariwo ẹ́ńjìnnì kò sì jẹ́ ká gbọ́ ara wa àfi tí a bá ń pariwo. Bẹ́ẹ̀ ni a ń bá ara wa jà lọ.

Mo ní, "Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Mo ti pààrọ̀ imú, mo ti dí ihò."

Ó ní, "Èmi ni mo dí ihò. Ẹ̀yin, ẹ̀tẹ̀ lẹ fi sílẹ̀, lẹ ń pa làpálàpá. Ẹ ò tíì bi ara yín léèrè ohun tó ń pa imú."

"Ṣé ọkọ̀ olùkọ́ ló máa gbé wa kọjá igbó iwin?"

"Ṣé èyí ti gbé wa kọjá ni? Ọmọ mi ń kú lọ, ẹ ń fi orin yin ara yín." Ó ń wúkọ́, ó ń pariwo, èéfín ń wọ̀ ọ́ lọ́fun, èmi náà ń dá a lóhùn, n kò jẹ́ kó fi ọ̀rọ̀ kan borí mi. Títí ọkọ̀ fi kú sí ẹnu ọ̀nà Ìlú Onímú ni a ń bá a lọ.

Àwọn ará Ìlú Onímú kò ní ojú rárá. Imú ni wọ́n fi ń ríran, imú náà sì gùn dé àyà wọn. Kí a tó sọ̀kalẹ̀, wọ́n ti mọ̀ pé ìyàwó mi jẹ èkuru kó tó kúrò nílé, wọ́n ti mọ iye òjò tó ti pa ẹ̀wù ọdẹ mi láìfọ̀. Ọba wọn, Olóòórùn, yíjú sí ọ̀nà iwájú, ó fa afẹ́fẹ́ símú, ojú rẹ̀ sì rọ̀. Ó ní, "Obìnrin kan ń rọbí ní Ìgbóhùn. Òógùn rẹ̀ ti ń tutù. Ṣé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ ń lọ?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé n kì í dọ̀bálẹ̀ fún iwin. Mo ní, "Kábíyèsí, ọmọ mi ni. Imú ọkọ̀ mi ló ń kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tó ń pa á fún mi."

Ó ní, "Ṣe bí o ti ń ṣe é, kí n gbóòórùn rẹ̀."

Imú méjì péré ló kù nínú àpò mi. Mo mú ọ̀kan, mo ṣí kèrègbè, mo fi epo pa á lórí, mo ń ké sí Ògún. N kò tíì parí àdúrà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ fi gbá mi mú. Wọ́n da ojú mi délẹ̀, wọ́n yí mi padà, wọ́n gba kèrègbè lọ́wọ́ mi, wọ́n sì da epo pupa sí ihò imú mi méjèèjì. Mo jà, mo sín, mo bú ìyá wọn. Wọ́n gbé mi jókòó, Olóòórùn sì ní kí wọ́n gbé igbá mẹ́ta tí wọ́n dé wá. Wọ́n ṣí àkọ́kọ́ síwájú imú mi, wọ́n ní kí n pe orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kí n má wolẹ̀. N kò gbóòórùn nǹkan kan. Wọ́n ṣí èkejì, n kò gbóòórùn nǹkan kan. Wọ́n ṣí ẹ̀kẹta, gbogbo àwọn ará ìlú sá sẹ́yìn, wọ́n fọwọ́ bo imú gígùn wọn, èmi kò gbóòórùn nǹkan kan. Mo wolẹ̀. Irú ni. Irú tútù, tí ènìyàn ń gbóòórùn rẹ̀ láti ojúlé kejì.

Olóòórùn ní, "Ọdẹ, kí ló pa imú rẹ?"

Mo fẹ́ sọ pé ìwà ìkà yín ni. Ṣùgbọ́n mo wo ìyàwó mi, ìyàwó mi ń wo imú tuntun tó bọ́ lọ́wọ́ mi sórí ilẹ̀, tí epo ń kán lára rẹ̀. Mo ní, "Epo ni."

Ó ní, "Ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fibẹ̀ tẹlẹ̀. Ẹnu la fi ń jẹun, ọdẹ. Gbogbo imú tí o ti ń dè mọ́ ọkọ̀ yẹn, o fún un lóúnjẹ títí o fi pa á."

Mo ní, "Ògún ńkọ́?"

Ó ní, "Ògún wo ló ní kí o gbé oúnjẹ òun sínú imú ẹlòmíràn? Bu tirẹ̀ sílẹ̀ fún un, yóò rí i."

Inú bí mi débi pé n kò mọ ẹni tí ǹ bá bínú sí. Mo bu epo sórí òkúta kan lẹ́bàá ọ̀nà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ògún. Mo nu ọwọ́ mi lára koríko títí ó fi gbẹ, mo mú imú tó kù. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọwọ́ mi tún ń lọ síbi kèrègbè fúnra rẹ̀? Ìyàwó mi di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó mú un le, kò sì sọ nǹkan kan. Mo rò pé bíbá mi sọ̀rọ̀ ló ti sú u. Mo dè é ní gbígbẹ. Iná kú, èéfín dáwọ́ dúró, ọkọ̀ sì ń lọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. A la igbó mìíràn kọjá, iná kò tàn. A la odò kọjá, kò tàn. Mo ń retí kí ìyàwó mi sọ pé òun ti wí i fún mi, kó wí i ká jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dákẹ́ títí a fi dé Ìgbóhùn.

Ìyá àgbà kan tó ń gbẹ̀bí ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí Ọdẹ́fúnkẹ́ wà. A ń gbọ́ ìmí ọmọ wa nínú ilé, ó ń mí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìyá àgbà náà ní, "Ẹ pẹ́ kí ẹ tó dé. Màmá, ẹ máa kì í."

Ìyàwó mi la ẹnu. Ohùn kò jáde. Ó tún là á, atẹ́gùn lásán ló jáde pẹ̀lú ìkọ́. Èéfín ọkọ̀ mi àti ariwo tí mo mú un pa ti gba ohùn náà lọ́fun rẹ̀. Ó di ẹnu ọ̀nà mú, ó ń gbìyànjú, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, omijé ń dà lójú rẹ̀, kò sí ohùn.

Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n kì í. Kò sí ẹni tó lè kini bí ọdẹ."

Ìyá àgbà náà wò mí dáadáa. Ó ní, "Ohùn rẹ, ó ṣeé lò. Ọ̀rọ̀ rẹ kò ṣeé lò. Ọ̀rọ̀ ilé ìyàwó rẹ ni ọmọ ń dúró de. Bí o bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti ilé tìrẹ kún un, ọmọ á padà sínú, kò sì ní sí ẹni tó máa pè é mọ́. Títí n ó fi ní ó tó, má sọ ohun tí ìyàwó rẹ kò bá sọ."

Ìyàwó mi fa etí mi mọ́ ẹnu rẹ̀. Ó ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, mo ń gbé e jáde:

"Ọmọ amọ̀kòkò Òkè-Amọ̀,
ọmọ a-bámọ̀-sọ̀rọ̀-kámọ̀-ó-tó-rọ̀.
Ọwọ́ òsì lẹ fi í gbá ìkòkò mú nílé yín,
ọ̀tún lẹ fi í dá a lára.
Iná jó yín, ẹ ò sunkún,
òjò pa yín, ẹ ò yọ́.
Ìkòkò tó bá fọ́ nílé yín kì í ṣòfò,
àpáàdì rẹ̀ laládùúgbò fi í fọnná."

Ó dákẹ́ díẹ̀ láti mí. Ẹ̀yin ará ilé mi, nínú ìdákẹ́ yẹn ni oríkì ilé bàbá mi dìde lọ́fun mi. Ó ti dé ẹ̀yìn eyín: ọmọ ọdẹ, ọmọ a-pẹfọ̀n. Láti kékeré mi, n kò kini rí kí n má fi í kún un. Mo pa eyín mọ́ ọn. Mo gbé e mì, ó sì nira láti gbé mì ju epo inú imú lọ. Ìyàwó mi wò mí, ó rí ohun tí mo ṣe, ó sì gbé ẹnu padà sí etí mi:

"Máa bọ̀, ọmọ Ìbíyẹmí,
ilẹ̀ ti tutù.
Omi wà nínú àmù,
wá mu."

Mo sọ ọ́. Igbe ọmọ tuntun sì ta nínú ilé, igbe tó le, tó ń bínú. Ìyàwó mi fara tì mí, mo dì í mú.

Ìyá àgbà kò tíì ní ó tó. A sì gbọ́ ohùn Ọdẹ́fúnkẹ́ láti inú, ó rẹ̀ ẹ́, ó ní, "Bàbá mi, ohùn yín ni mo gbọ́ yẹn. Màmá mi dà?" Ọ̀rọ̀ tí mo ní láti bá ọmọ yẹn sọ pọ̀ ju ewé igbó lọ. Mo dúró, mo pa ẹnu mọ́, omi ń bọ́ lójú mi, mo sì tẹ orí ba, mo gbé etí mi lọ sí ẹnu ìyàwó mi. Ó ní kí n sọ fún un pé òun wà níbí.

Mo sọ ọ́ bó ti sọ ọ́.